Bọ́ọ̀lù Tó Ń Mu Epo

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi ní Erio, iṣẹ́ pákó ni mo sì kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Igi kan kì í wọ ilé wa kí ó má gbé e wò, kí ó má gbóòórùn rẹ̀, kó tó sọ iye tí yóò san. Ó máa ń sọ̀rọ̀ Agbọnbíofẹ́ ará Ẹ̀fọ̀n, ẹni tó gbẹ́ òpó ààfin Aláayè, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lánàá, bẹ́ẹ̀ láti 1945 lọkùnrin náà ti kú. Nígbà tí mo wá ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń lu ihò sí bọ́ọ̀lù bólíǹgì, èyí tí wọ́n ń yí láti fi wó píìnì mẹ́wàá, bọ́ọ̀lù onígi kan tó wà lórí pẹpẹ ọ̀gá mi ni ojú mi kọ́kọ́ lọ.

Igi lignum vitae ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ìhà Karíbíà àti apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ń hù. Ó wúwo débi pé rírì ló ń rì bí wọ́n bá jù ú sómi. Epo tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi máa ń lò ó níbi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé. Kò bèèrè gírísì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ihò méjì péré ló wà lára ti ọ̀gá mi, ti àtàǹpàkò àti ti ìka àárín. Ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àtàǹpàkò.

Irú bọ́ọ̀lù báyìí ni wọ́n ń yí nígbà tí wọ́n dá American Bowling Congress sílẹ̀ ní New York, ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1895, kí òfin eré náà lè ṣọ̀kan. Rọ́bà líle ló gba ipò igi: bọ́ọ̀lù Evertrue jáde ní 1905, ilé iṣẹ́ Brunswick gbé Mineralite tiwọn jáde ní 1914. Rọ́bà kì í sán bí igi. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà rọ́bà yìí, ẹni dúdú kò lè bá wọn du ife ẹ̀yẹ Congress, torí òfin wọn sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan. Àwọn dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Detroit ní 1939, òun là ń pè ní TNBA lónìí. Ó di 1950 kí Congress tó yọ òfin náà, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ́tò àti àwọn mìíràn ti fúngun mọ́ wọn, tí ọ̀rọ̀ sì ti dé kọ́ọ̀tù. Nínú àwọn oníbàárà wa, àwọn àgbà TNBA ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọn kì í sì í kánjú.

Epo tí bọ́ọ̀lù ń mu wá ńkọ́? Pákó ló fà á. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ni ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, láti ìlà tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ títí dé píìnì iwájú. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 39 ni wọ́n tò sí ìbú rẹ̀: maple líle níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń balẹ̀ àti níbi tí píìnì dúró sí, pine láàárín. Bàbá mi ì bá fọwọ́ sí i. Wọ́n fi fáníìṣì bò ó, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó lè wúwo tó pọ́ùn 16, tó ń ha ojú kan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, fáníìṣì wo ló lè gbà á? Ni wọ́n bá ń fi epo pa á, epo tí kò láwọ̀, kí bọ́ọ̀lù lè yọ̀ kọjá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tó bá ń yọ̀ kì í yà, èyí tí kò bá sì yà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kì í sábà wó píìnì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ní 1973, eléré bólíǹgì kan, Don McCune, ń rẹ bọ́ọ̀lù oníke sínú MEK, kẹ́míkà kan tó tètè máa ń gbiná, títí ojú rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí yóò sì máa di pákó mú. Ife ẹ̀yẹ mẹ́fà ló gbà lọ́dún náà. Kíá làwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ tiwọn, àwọn aláṣẹ sì gbé òfin jáde lórí bí ojú bọ́ọ̀lù ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Ilé iṣẹ́ AMF mú Angle, bọ́ọ̀lù oníyurethane, wá ní 1981. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni reactive resin dé. Ihò tíntìntín tójú ò lè rí ló kún ara rẹ̀, ihò wọ̀nyí ló sì ń fa epo mu. Orí igi tó ní epo nínú ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó wá dé orí ike tó ń mu epo. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń mu ún ni àwọn tó ni gbọ̀ngàn ń da sí i. Mo Pinel, tó kú ní 2021, wà lára àwọn tó tún ẹrù inú bọ́ọ̀lù ṣe, kí ó lè máa yí ìdí padà bó ṣe ń lọ, kí ibi gbígbẹ lè máa kan pákó nígbàkígbà tó bá yí.

Obìnrin kan, ọmọ Ìjerò, wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. “Ẹ̀gbọ́n, epo wọn pọ̀ jù níbi tí mò ń lọ. Ẹ lu ihò tó máa jẹ́ kó yà fún mi.”

“Yí ti àtijọ́ yẹn ná, kí n rí i.”

Mo fi téèpù sàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbé ń yí, nípa wíwo òrùka epo tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lára bọ́ọ̀lù tuntun, mo fi àmì ẹrù inú rẹ̀ sí íǹṣì 3⅜ sí ibi náà. Ibẹ̀ ni òrùka epo ti máa ń tàn ká jù. Mo wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo lu ihò mẹ́ta, mo wá fi sáńdípépà 500 ha ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà 1000. Ihò ló wá rà, ṣùgbọ́n ìdí sáńdípépà ni mo pẹ́ sí jù. Ojú bọ́ọ̀lù ló ń bá epo jà. Tẹ́lẹ̀, a máa ń lu ihò kẹrin tí ìka kankan kì í wọ̀, kí ẹrù inú rẹ̀ lè yí bá a ṣe fẹ́. USBC, tó rọ́pò Congress ní 2005, fòfin dè é láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020. Àwọn kan bínú. Èmi ò bínú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lù dáadáa kò tó nǹkan.

Nígbà tí obìnrin náà padà wá, bọ́ọ̀lù ti mu epo yó, kò yà mọ́. Mo fi téèpù dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rì í sínú omi ọṣẹ tó gbóná díẹ̀, torí èyí tó bá gbóná jù lè mú un sán. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde bí òógùn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fẹ́ dúró de èyí. Wọ́n á ní kí n gbé tuntun wá, bẹ́ẹ̀ omi àti ọṣẹ ló kù.