Ṣé ó yẹ ká sanwó kún garantie fóònù?

Tí a bá ra fóònù tuntun, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń fún wa ní garantie ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Extension tí oníṣọ́ọ̀bù ń tà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún yẹn, àbùkù tó bá fóònù wá láti ilé-iṣẹ́ nìkan ló sì ń bò. Ṣùgbọ́n kí ló ń ba fóònù wa jẹ́ gan-an? Ó bọ́ lórí zémidjan, écran fọ́. Òjò pa á. Bátìrì ò gbáná dúró mọ́. Assurance casse ló ń wo ti écran, ìyẹn sì lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ká sọ pé extension jẹ́ 15.000 FCFA, tí écran tuntun jẹ́ 25.000. Ní tiwa, ẹ fi 15.000 yẹn pamọ́ dè é.

Ti “venu de France” ńkọ́? Òfin Yúróòpù fún ẹni tó ra ọjà tuntun ní ọdún méjì, àmọ́ ọrùn ẹni tó tà á lọ́hùn-ún ló wà. Ta ni yóò gbé e padà lọ sí Paris?

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó bèèrè kó tó fọwọ́ síwèé: écran ńkọ́? Omi ńkọ́? Níbo la ó ti tún un ṣe? Facture náà, ẹ má sọ ọ́ nù o. Láìsí i, garantie ọ̀fẹ́ pàápàá lè di àríyànjiyàn.