Ọtí inú oògùn ọmọ
Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìtàn. Gripe water tí màmá wa ń rọ sí wa lẹ́nu, ọdún 1851 ni William Woodward, apoògùn kan ní Nottingham, ti pò ó. Ọtí wà nínú ẹ̀ o! Ó di 1992 kí wọ́n tó yọ ọtí náà ní ìlú ọba.

Ti Amẹ́ríkà tún burú jù: mọfíìnì ló wà nínú Mrs. Winslow's Soothing Syrup. Ọmọ á dákẹ́ lóòótọ́, àwọn míì ò sì jí mọ́.

Mi ò bá àwọn ìyá yẹn wí ṣá. Àìsùn kì í ṣeré.

Ní 1954, dókítà Morris Wessel kọ ọ́ sílẹ̀: ẹkún tó ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́, tó ju ọjọ́ 3 lọ lọ́sẹ̀, lára ọmọ tí ara ẹ̀ dá, tó sì yó. Tó yó! Ẹ fi han ẹni tó ń sọ pé ọmú ìyàwó ò tó ọmọ.