Ibi Tí Ìlànà Ilé Amọ̀ Wà

Nígbà tí ayàwòrán-ilé òde òní bá jókòó láti kọ ìwé ìlànà tí agbaṣẹ́ṣe yóò tẹ̀ lé, ìwé tí ń sọ irú yẹ̀pẹ̀ tí a ó lò, bí ògiri yóò ti nípọn tó àti ohun tí yóò bo ilé lórí, tí ó sì ń fẹ́ kí ilé náà tọ́jọ́ láìba ilẹ̀ jẹ́, ìwé òkèèrè ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí páànù àkọ́kọ́ tó dé Èkó Àkéte, ẹnu àwọn mọlémọlé ni a kàn fi í pamọ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kò ní òdiwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ògiri. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko bá ti dẹwọ́, ni a ń mọlé. Onílé yóò bẹ ọ̀wẹ̀, tẹbí tará tàna yóò sì péjọ, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọn a kó yẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, èyí tí ó dúdú tí ó sì kún fún gbòǹgbò, nítorí ohun tí ń jẹrà kì í gbé ògiri ró. Wọn a wà á títí wọn a fi kan amọ̀ pupa, wọn a bu omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ a fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi fà, wọn a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn a sì tún pò ó. Wọn a wá ṣù ú ní ìṣù ìṣù, wọn a máa jù ú sí mọlémọlé lọ́wọ́, òun a sì mọ ọ́n ní ìpele kan tí kò ju ìwọ̀n orúnkún lọ. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ yóò dúró. Ìpele náà gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí òmíràn tó gùn ún, nítorí ẹrẹ̀ tútù kò lè ru ẹrẹ̀ tútù. Ògiri oníkánjú ni yóò sán, a sì mọ̀ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Òrùlé ni ó ń dáàbò bo ògiri yìí. Wọn a fà á wálẹ̀ kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má baà na amọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ a sì máa ṣàn sínú ìkòkò tí a tò sí àgbàlá, tí agbo ilé yóò máa mu. Ní ìlú igbó, ewé gbọ̀dọ̀gì ni a fi ń bo ilé. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni. Ọ̀yọ́ tilẹ̀ sọ koríko yìí di ọdún: àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, a ru bẹẹrẹ wá fún títún òrùlé kọ̀bì ààfin ṣe, wọn a sì ti kó o kí iná tó ran pápá. Samuel Johnson kọ nípa ọdún náà nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ní tèmi, ọgbọ́n ńlá ni kí ìlú sọ àtúnṣe òrùlé di ohun àjọyọ̀, nítorí ilé tí a kò bá tún ṣe kò ní ìlànà kankan tí yóò gbà á.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà sí Èkó mú ọgbọ́n mìíràn bọ̀. João Baptista da Costa ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn mú ilé alájà dé Abẹ́òkúta, dé Ìjẹ̀bú, dé Ìbàdàn Mẹsí Ọ̀gọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá họ ìrẹ́ ara púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, amọ̀ náà ni ìwọ yóò bá lábẹ́.

Sìmẹ́ǹtì ni ó wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ Nkalagu bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti Èwékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1960, amọ̀ sì di ohun ìtìjú fún olówó. A kò kà á sí nígbà náà pé òkúta ẹfun tí a ń jó nínú ooru tí ó tó ìwọ̀n 1,450 ní ti Celsius ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ láti inú ara òkúta fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ti epo tí a fi jó o.

Ẹni tí ó bá ń wá ìlànà àtijọ́ lónìí kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. G. J. Afolabi Ojo kọ ìwé lórí àwọn ààfin Yorùbá ní 1966. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, wọn ilé káàkiri Nàìjíríà, ó sì yà wọ́n. Ikú pa á ní 1982, apá mẹ́ta ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1990. Apá kejì, tí ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, ni mo kà sí ìṣúra jù lọ. Ní ti ìlànà òde òní, ìwé òfin ìkọ́lé àpapọ̀ Nàìjíríà dé ní 2006. NBRRI, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, ń fi ẹ̀rọ tẹ búlọ́ọ̀kù amọ̀ pupa tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. A kì í fi iná sun ún. Abẹ́ ibòji ni a ń tò ó sí, tí a sì ń wọ́n omi sí i, kí ó lè le díẹ̀díẹ̀ kí a tó gbé e gun ògiri.