Ohun Tó So Woolwich Pọ̀ Mọ́ Gbòǹgbò Eyín



Bí ẹ bá ń rìn létí odò Thames ní Woolwich, tí ẹ fẹ́ dé ibi tí Thames Barrier wà, ẹ óò rí àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi bíríkì kọ́. Ní 1863 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Siemens Brothers sílẹ̀ lágbègbè yẹn. Wáyà tẹlígíráàfù ni wọ́n ń ṣe, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun kí ìròyìn lè máa lọ láti ìlú dé ìlú. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ló so Èkó pọ̀ mọ́ London ní 1886.

Bí omi òkun bá kan wáyà náà, iṣẹ́ bàjẹ́. Kí ni wọ́n wá fi bò ó? Oje igi kan láti ìhà Malaysia ni, tí wọ́n ń pè ní gutta-percha. Ó máa ń rọ̀ nínú omi gbígbóná, ó máa ń le bó bá tutù, omi kì í sì í wọ inú rẹ̀.

Oje kan náà ni àwọn oníṣègùn eyín mú lò. Ní 1867, ará Amẹ́ríkà kan, G. A. Bowman, fi dí ihò inú gbòǹgbò eyín. Títí di òní, wọ́n ṣì ń lò ó. Bí kòkòrò bá ti jẹ eyín wọ inú, dókítà á lu eyín náà, á kó ẹran rírọ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò nínú gbòǹgbò, á fọ ihò náà mọ́, á sì dí i. Bẹ́ẹ̀ ni eyín tí à bá yọ dànù ṣe ń wà lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gutta-percha kì í lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀. Àlàfo tín-ín-rín máa ń kù, kòkòrò àìfojúrí sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi símẹ́ǹtì eyín dí àlàfo náà. Ọ̀kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ìyẹ̀fun zinc tí wọ́n pò mọ́ èròjà tó wà nínú òróró kànáfùrù. Bẹ́ẹ̀ ni, kànáfùrù tí ìyá àgbà ń fi sẹ́nu bí eyín bá ń dùn ún! Àléébù rẹ̀ ni pé omi ara máa ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1993, Torabinejad láti Loma Linda ní California, pẹ̀lú Watson àti Pitt Ford ti Guy's, nítòsí London Bridge níbí, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n mú eyín tí wọ́n ti yọ lẹ́nu èèyàn, wọ́n fi oríṣi èròjà mẹ́ta dí ìdí gbòǹgbò wọn, wọ́n rẹ wọ́n sínú omi aláwọ̀, wọ́n sì wo ibi tí àwọ̀ náà jò dé. Èyí tó jò kéré jù ni MTA, símẹ́ǹtì tuntun kan. Mọ̀lẹ́bí símẹ́ǹtì Portland tí a fi ń kọ́lé ni, èyí tí Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ fún ní 1824, tí wọ́n sì ń ṣe ní Ewékoro láti 1960. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di mímọ́ fún ara èèyàn. Ẹnu kì í gbẹ, símẹ́ǹtì yìí sì nílò omi kó tó lè le. Ohun tó ń ba òmíràn jẹ́ ló ń mú òun dúró.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé símẹ́ǹtì kan wà tí kò lè jò rárá. Eyín tí wọ́n ti yọ ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe eyín tó ń jẹ iyán. Bí gbòǹgbò bá sì dí dáadáa, tí orí eyín kò dí, itọ́ á gba òkè wọlé. Dókítà sábà máa ń fi ohun tí kò lè pẹ́ dí orí eyín, á ní ká padà wá. Nítorí pé ìrora ti lọ, àwọn mìíràn nínú wa kì í padà. Ibẹ̀ ni aláǹgbá ti ń ráyè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pe bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà lórí fóònù, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú eyín nígbà èwe wọn. Ẹ kọ ìdáhùn wọn wá fún mi ní Sátidé tó ń bọ̀.