Àfiwé Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Ohun tí Ìwádìí Ifẹ̀ ti Ọdún 1970 Lè Kọ́ Olùkọ́ ní Èkìtì

Ìfáárà
Bí a bá fẹ́ mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára ju èkejì lọ, èsì ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé èsì nìkan kò tó. Ó yẹ kí a bèèrè èdè tí a fi kọ́ ọmọ àti ohun tí a pèsè fún un.

Ohun tí ó bí ìwádìí náà
Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, ó di nǹkan bí 811,000 ní 1955. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ jókòó ní kíláàsì, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀kọ́ yé e. Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá dé kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì a gba ipò rẹ̀.

Àfiwé náà
Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ẹgbẹ́ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Ẹgbẹ́ kejì tẹ̀lé ìlànà àtijọ́. Láti 1973, wọ́n mú ìwádìí náà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìlú àti ìgbèríko. Èsì fi hàn pé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tayọ nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò kẹ́yìn. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé wọ́n kọ ìwé tuntun fún ètò náà, wọ́n sì pèsè olùkọ́ àkànṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Èdè nìkan kọ́ ni ó ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kàn wá
Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà yìí, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Lára ìdí tí a sọ ni pé ọmọ ń kùnà ìdánwò àṣejáde ní agbègbè tí èdè abínibí ti gbilẹ̀ ní kíláàsì. Irú àfiwé bẹ́ẹ̀ kò ì tíì bèèrè ìwé tí ọmọ rí kà tàbí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Olùkọ́ tí ó lọ fi iṣẹ́ dánra wò ní Ìlasà-Èkìtì tàbí Ìkẹ́rẹ́ yóò bá ọmọ tí ń pe ilé ní ulé, tí ń pe iṣu ní uṣu. Ẹ̀ka-èdè yìí kò jìnnà sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Gẹ̀ẹ́sì ni ó jìnnà. Bí ó bá fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ méjì wéra, kí ó kọ́kọ́ wádìí èdè tí olùkọ́ ń lò ní tòótọ́, iye ìwé tí ó dé ọwọ́ ọmọ, àti ẹni tí ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó wo èsì.

Ìkádìí
Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwádìí Ifẹ̀ ni ẹ̀yìn tí ó yẹ kí a wò. Ẹni tí kò bá wò ó lè dá ọmọ lẹ́bi fún ohun tí a kò fún un.