Ṣé Ogun Dúró Nítorí Pelé?

Bí ogun bá ń jà, ṣé ènìyàn lè máa gbá bọ́ọ̀lù? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1969. Èkó kò jìnnà sí Avrankou wa níbí. Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ti rí.

Ogun Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967. Àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ti ya kúrò, wọ́n sì pe ilẹ̀ wọn ní Biafra. Ìjọba Nàìjíríà kò gbà. Ogun náà jà títí di oṣù Kìíní ọdún 1970. Wọ́n dí ọ̀nà tó wọ Biafra. Oúnjẹ kò wọlé dáadáa mọ́. Ebi pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, pàápàá àwọn ọmọdé.

Nígbà tí ogun yìí ń lọ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wá láti Bràsíìlì, ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Santos. Pelé wà nínú wọn. Ọmọ ọdún 28 ni. Ó ti bá ilẹ̀ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 1958 àti ọdún 1962. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, gbogbo ayé ló sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1969, Santos pàdé àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ní pápá Oníkan, ní Èkó. Pelé gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà gbá méjì wọlé. Góòlù mẹ́rin ni àwọn òǹwòran rí lọ́jọ́ náà, ọ̀mì ni wọ́n sì gbá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, Santos tún gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Ìbíní, ní Nàìjíríà. Níbẹ̀, wọ́n borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1.

Lẹ́yìn náà, ìtàn kan tàn ká ayé. Wọ́n ní ogun dúró fún wákàtí 48 kí àwọn tó ń jà lè wo Pelé. Ìtàn náà dùn létí. Ṣé òótọ́ ni?

Àwọn tó ń wádìí ìtàn lọ ka ìwé ìròyìn Nàìjíríà ti ìgbà náà. Wọ́n rí ìròyìn Pelé àti góòlù rẹ̀. Wọn kò rí i níbẹ̀ pé ogun dúró. Ojú ogun pàápàá jìnnà sí Èkó. Umuahia, olú ìlú Biafra nígbà náà, wà ní òdìkejì odò Ọya. Pelé fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ pé kò dá òun lójú pé òótọ́ pátápátá ni.

Ohun mìíràn wà tó kan àwa gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969 yẹn kan náà, ọkọ̀ òfuurufú ẹgbẹ́ Croix-Rouge ń gbéra láti Kútọnu. Dahomey ni orúkọ ilẹ̀ wa nígbà náà. Oúnjẹ àti oògùn ni wọ́n ń kó lọ sí Biafra. Òru ni wọ́n ń fò, kí ìbọn má bàa bà wọ́n. Ogun kò tíì dúró, ebi náà kò sì dúró.

Bí a bá ń sọ pé bọ́ọ̀lù dá ogun dúró, a lè gbàgbé àwọn tí ebi ń pa lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìtàn, ẹ béèrè pé: Ọjọ́ wo ni? Ibo ni? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀? Àwọn àgbà kan ṣì wà láàárín wa tí wọ́n rántí ọdún 1969. Ẹ lọ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí. Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè kà á.