Ojú Irin Èkó àti Ọ̀nà Ọkọ̀ Agbóláìsàn

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìdó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Ìbàdàn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n tẹ́ irin náà sí, àwọn ènìyàn sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Èyí kò fa wàhálà púpọ̀ nígbà náà, torí pé mọ́tò kò tíì wọ́pọ̀.

Ṣùgbọ́n Èkó ń gbòòrò, ilé àti títì sì yí irin náà ká. Irin wá la Mùṣín, Òṣòdì, Ìkẹjà àti Agége sí méjì. Ilé aláìsàn lè wà ní apá kan, kí ilé ìwòsàn wà ní apá kejì. Ní Òṣòdì, àwọn oníṣòwò a máa pàtẹ sórí irin gan-an. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, wọ́n á sáré palẹ̀ ọjà mọ́. Bó bá kọjá tán, wọ́n á tún pàtẹ. Oṣù Kìíní ọdún 2009 ni ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó wọn kúrò.

Síbẹ̀, ewu kò tán. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ síbi iṣẹ́, ní ibi tí títì ti gba orí irin kọjá ní PWD, nítòsí Ìkẹjà. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì farapa.

Ọkọ̀ ojú irin kò lè dúró lójijì, kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Bí mọ́tò bá tò sórí irin, ẹ̀mí àwọn tó wà nínú wọn wà nínú ewu, ọkọ̀ agbóláìsàn tàbí ọkọ̀ panápaná tó wà lẹ́yìn kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Nítorí náà, kí awakọ̀ má ṣe gun orí irin àfi bó bá ti rí àyè tó gba ọkọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì.

Afárá ló ń tán ìṣòro yìí pátápátá. Fún iṣẹ́ Red Line, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba kọ́ afárá sí Ìkẹjà, Mùṣín, Yábàá àti Oyíngbò kí mọ́tò lè máa gba òkè irin kọjá.

Ojú irin kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Awoyaya. Títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo wa gbójú lé, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá sì dí i, ọkọ̀ agbóláìsàn náà á dúró ni. Ìjọba ti ń gbèrò Green Line tí yóò gba Lẹ́kí. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: kí wọ́n kọ́ afárá wa kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín irin ọdún 1901 àti àwọn afárá Red Line. Aláìsàn kò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.